Ọ̀sẹ̀ Kan ní Taizé: Ìmọ̀ràn fún Ìjọ Tí Ìrẹ́pọ̀ Ti Ṣọ̀wọ́n Láàrin Wọn

Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, èmi àti àwọn 22 nínú ìjọ wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Taizé, abúlé kékeré kan lórí òkè nítòsí ìlú Cluny ní orílẹ̀-èdè Faransé, níbi tí àwùjọ àwọn arákùnrin onígbàgbọ́ kan ń gbé, tí wọ́n sì ń gba àlejò fún àdúrà. A kò bá ti ìgbafẹ́ lọ. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa kò ti fi ojú rere wo ara wọn, nítorí àwọn kan fẹ́ kí a máa fi Yorùbá kọrin, àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú Òyìnbó sì ní àwọn kò gbọ́ ohun tí à ń kọ. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé bí ẹgbẹ́ kan bá dìde láti kọrin, èkejì á bọ́ síta. A ti ṣèpàdé, a ti gbààwẹ̀, a ti pe àwọn àgbà sí i. Ohun tí a rí gbà ní Taizé ni mo fẹ́ sọ, kí ìjọ mìíràn tó bá wà nínú irú wàhálà yìí lè mọ ohun tí wọn yóò bá níbẹ̀.

Arákùnrin Roger, ọmọ Siwitsaláńdì, ló dá àwùjọ náà sílẹ̀. Ẹni ọdún 25 ni nígbà tó dé abúlé náà ní 1940, tí ogun àgbáyé kejì ń jà lọ́wọ́. Ó ra ilé kan, ó sì ń fi àwọn tó ń sá àsálà pamọ́ sínú rẹ̀, àwọn Júù sì wà lára wọn. Nígbà tí ogun parí, àwọn ọmọ ogun Jámánì tí wọ́n há mọ́ àtìmọ́lé ní àgbègbè náà ni òun àti àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tún ń gbà lálejò ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní Ọjọ́ Àjíǹde 1949, àwọn 7 àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti jọ máa gbé títí ọjọ́ ayé wọn, láìgbéyàwó. Lónìí, Kátólíìkì wà nínú àwọn arákùnrin náà, Pùròtẹ́sítáǹtì sì wà, láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọn kì í gba ẹ̀bùn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn, irú bí ìkòkò mímọ, ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ara wọn. Ilé ìsìn ńlá tí gbogbo àlejò ti ń gbàdúrà, àwọn ọ̀dọ́ Jámánì ló wá kọ́ ọ, tí a ṣí i ní 1962, gẹ́gẹ́ bí àmì ìlàjà lẹ́yìn ohun tí orílẹ̀-èdè wọn ṣe nígbà ogun. Ilé Ìlàjà ni wọ́n sì ń pè é. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé yẹn, mo ń wo bí àwọn tí mo kó wá ṣe pín ara wọn sí ọ̀tún àti òsì, ojú sì tì mí gan-an.

Ẹni tó bá ń wá ilé ìtura, kí ó má wulẹ̀ lọ. Yàrá àjùmọ̀sùn tàbí àgọ́ ni à ń sùn sí, olúkúlùkù ló sì ń gbé aṣọ ìbora tirẹ̀ lọ. Oúnjẹ kò ní ọ̀ṣọ́: búrẹ́dì, bọ́tà àti ṣokoléètì ni ti òwúrọ̀, inú abọ́ ni a sì ti ń mu tíì, ṣíbí nìkan ni a fi ń jẹ ti ọ̀sán àti ti alẹ́. Owó tí à ń san kéré, ó sì dá lórí ọjọ́ orí àti orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá.

Iṣẹ́ ni ohun tó kọ́kọ́ ṣí wa lójú. Àlejò ló ń se oúnjẹ, àlejò ló ń bù ú, àlejò náà ló ń fọ abọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n pín ìyá tó ń darí akọrin wa àti ọ̀dọ́kùnrin tó ń darí ẹgbẹ́ kejì sí ibi ìfọbọ́ kan náà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi dákẹ́ síra wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá fẹ́ gbé ìkòkò ńlá kan, ọmọkùnrin náà sì sáré wá: “Mọ́mì, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e.” Ìyá dáhùn pé, “O ṣé, ọmọ mi.” Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ọ. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni agogo ń lù fún àdúrà. Orin ibẹ̀ kúrú, gbólóhùn kan tàbí méjì, a ó sì máa tún un kọ títí yóò fi wọ ara. Wọ́n ń kọ ọ́ ní Látìnì, ní Jámánì, ní Sípéènì, àti ní oríṣiríṣi èdè mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ìpàdé wa kò lè fi hàn wá: kò sí ẹnì kankan nínú wa tó gbọ́ Látìnì, ìyá àti ọmọ jọ ń tọ ọ̀rọ̀ náà wò lójú ìwé ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé èdè tòun ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn orin, ìdákẹ́jẹ́ á gba gbogbo ilé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Fún àwa tí ìlù ń gbé àdúrà wa ròkè, ìdákẹ́jẹ́ yìí nira ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, òun gan-an ni mo ń retí.

N kò ní fi òtítọ́ pamọ́: oúnjẹ Olúwa ṣì pín àwọn onígbàgbọ́ síbẹ̀ náà. Ara Olúwa ti Kátólíìkì wà níbẹ̀, búrẹ́dì tí a súre sí sì wà fún ẹni tí kò bá gba ti ibẹ̀. Ó dùn mí bí mo ṣe rí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn pé wọn kò díbọ́n bí ẹni pé ìyàtọ̀ náà kò sí. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n tẹ́ àgbélébùú sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á kúnlẹ̀, á sì gbé iwájú orí lé igi náà. Ẹgbẹ́ wa méjèèjì ló tò sórí ìlà kan, ó sì ju wákàtí kan lọ kó tó kan ẹni tó kẹ́yìn.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ, ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ ṣáájú, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń wá lọ́sẹ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn ọ̀dọ́ ọdún 15 sí 35 ni ètò náà dá lé jù. Ẹ béèrè ọ̀sẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Kí olórí ẹgbẹ́ sì tètè sọ fún àwọn tó ń pín iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ bá dé pé kí wọ́n má ṣe kó àwọn tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀ sí ibi ìfọbọ́ kan náà.