Phytase tàbí xylanase: èwo ni ká pò mọ́ oúnjẹ pẹ́pẹ́yẹ?

Ẹ́ńsáìmù ni àwọn méjèèjì, ìyẹn èròjà tó ń bá ìfun tú oúnjẹ. Ohun tó wà nínú àpò oúnjẹ ló ń pinnu èyí tá a máa lò. Bó bá jẹ́ àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà, phytase ni mo fara mọ́. Ohun tó ju ìdajì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú wọn lọ ni fítéètì (èròjà tí irúgbìn fi ń tọ́jú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pa mọ́) dè mọ́lẹ̀, ìfun pẹ́pẹ́yẹ kò sì lè tú u dáadáa. Phytase ń tú u sílẹ̀ fún eegun, ó sì ń dín owó eegun lílọ̀ kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 7 ni pẹ́pẹ́yẹ Pekin ti ń tó pa. Ẹsẹ̀ tó máa gbé ẹran yẹn gbọ́dọ̀ le!

Ní ti xylanase, inú àlìkámà ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó ń gé àwọn fọ́nrán tó ń mú oúnjẹ ki nínú ìfun. Lórí àgbàdo, èrè rẹ̀ kéré.