Àgbéyẹ̀wò: Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pààrọ̀ fún mi ní Adó-Èkìtì, àti ìgbóná tí ó tẹ̀lé e

Inú agolo wàrà kan tí wọ́n ń kó àlòkù nọ́ọ̀tì sí ni mo ti rí tẹ́mósítáàtì ọkọ̀ mi, irin kékeré tí ń ṣí ọ̀nà fún omi ẹ́ńjìnnì tí ó sì ń pa á dé bí ìgbóná bá ṣe rí. Ọmọ iṣẹ́ kan ń tú agolo náà lórí tábìlì, ó ń wá bọ́lùtù kan, ni mo bá rí irin róbótó náà pẹ̀lú sípírìngì rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Mo béèrè pé ọkọ̀ ta ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọmọ náà wò mí lójú, ó ní, "Tiyín ni, mà. Ọ̀gá ní kí n yọ ọ́." Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé wọ́n yọ ohunkóhun kúrò nínú ọkọ̀ mi. Inú bí mi débi pé mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé n ó kọ àgbéyẹ̀wò yìí kí àwọn ẹlòmíràn lè kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ti yí apá kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ padà.

Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ní Adó-Èkìtì ni ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì náà wà. N kò dárúkọ wọn nítorí pé ọ̀rọ̀ owó kan ṣì wà láàárín wa tí mo fẹ́ kí a yanjú ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Camry 2004 ni ọkọ̀ mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àtijọ́ ti nọ́ọ̀kì, a sì ra tòkunbọ̀ irú rẹ̀ gan-an, 2AZ-FE, láti Ládípọ̀ ní Èkó. Ní ti pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn, mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n. Wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì síìtì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé, èyí tí ó ti já, wọ́n fi síìlì tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó so ó mọ́ gíà, wọ́n sì fọ gbogbo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́. Títí di òní, ọ́ìlì kò kán sílẹ̀ níbi tí mo ń gbé ọkọ̀ náà sí, ìró rẹ̀ sì rọra ń dún bí ó ti yẹ.

Òkè Ẹ̀fọ̀n ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ìyá mi ń gbé, ẹni tí ó bá sì ti wakọ̀ gba ọ̀nà náà rí mọ̀ pé láti Adó gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọkọ, èèyàn lè sáré dé àyè kan, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń sún mọ́ Ẹ̀fọ̀n, gíà kékeré ni a ń fi gun òkè. Ibẹ̀ ni géèjì ìgbóná ti kúrò láàárín tí ó sì ń lọ sí pupa, mo sì yára yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo pa ọkọ̀. Nígbà tí mo padà sí Adó, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìjìgbò. Bí mo bá sì jáde sí ojú ọ̀nà tí ó tẹ́jú tí mo lè sáré, géèjì yóò tún padà sí ibi tí ó yẹ kí ó wà. Mo kíyè sí ohun kan sí i: ẹ́síì ń tutù nígbà tí mo bá ń sáré, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti dúró, atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó ń fẹ́ sí mi lójú.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọ̀gá kékeré, ẹni tí ń bójú tó ilé iṣẹ́ náà nígbà tí ọ̀gá àgbà wà ní Àkúrẹ́ fún iṣẹ́ kan. Mo ń sọ̀rọ̀, ó ń tẹ fóònù. Ó ní, "Màmá, ẹ má dààmú ara yín, ẹ́ńjìnnì tuntun ni, ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀." Mo ní ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí ó ti rìn láti òkè òkun dé Ládípọ̀, kí ni ara rẹ̀ tún fẹ́ balẹ̀ sí? Ó pe ọmọ iṣẹ́ kan, ó ní kí ó bu omi kún rédíétọ̀ kí ó sì gbé ọkọ̀ fún mi. Omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n bù sí i, wọn kò fi kúláǹtì kankan, oògùn omi tí kì í jẹ́ kí omi rédíétọ̀ tètè hó, kún un. Nígbà tí mo tún mẹ́nu ba ẹ́síì, ó ní gáàsì rẹ̀ ni ó ti tán, kí n mú owó wá kí wọ́n fi gáàsì sí i. Mo ní gáàsì tí ó tán kò ní máa padà wá nígbà tí mo bá ń sáré. Kò dá mi lóhùn.

Nígbà tí mo tún gbé e padà, ó ní kí n lọ jókòó sí abẹ́ igi, pé wọn yóò ṣe é tán kí n tó parí oúnjẹ mi. Ìgbà yẹn ni wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì géèjì kò tilẹ̀ gòkè dé àárín mọ́, mo sì pè é láti dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti tutù." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, epo ọkọ̀ mi ti ń tètè tán ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, Ìjìgbò sì tún gbé géèjì lọ sókè.

Ẹ̀sùn tí ó tún kàn ni ti tọ́pù-gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tí ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá kékeré ní ẹni tí ó ta ẹ́ńjìnnì fún wa ni ó rẹ́ wa jẹ, pé orí ẹ́ńjìnnì náà kò dì mọ́, a gbọ́dọ̀ tú u. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ yìí ní ìpìlẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì yìí ní àléébù kan tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ dáadáa: ihò tí bọ́lùtù orí rẹ̀ ń wọ̀ nínú búlọ́ọ̀kù, pàápàá àwọn tí ó wà lápá ẹ̀yìn, eyín inú wọn lè jẹ dànù, bọ́lùtù kò sì ní lè fún orí náà mọ́, omi yóò máa jò, ọkọ̀ yóò máa gbóná. Ṣùgbọ́n kò yẹ ohunkóhun wò kí ó tó sọ ọ́. Kò wo ọ́ìlì bóyá omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, kò wo ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù bóyá omi ń jò níbẹ̀, kò sì béèrè bóyá omi rédíétọ̀ ń dín kù. Ó gba ₦35,000 lọ́wọ́ mi fún páálí gásíkẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n wá ní ọjọ́ Ajé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ọjọ́ Ajé yẹn ni mo rí agolo wàrà.

Mo pariwo. Àwọn oníbàárà mìíràn dìde, ìyá tí ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lẹ́nu ọ̀nà wọlé wá bẹ̀ mí. Mo ní ẹnikẹ́ni kò ní fi ọwọ́ kan ọkọ̀ mi mọ́ àfi kí wọ́n pe ọ̀gá àgbà. Wọ́n pè é lórí fóònù, mo sì bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí, lẹ́yìn náà ó béèrè ọ̀rọ̀ kan péré pé, "Ìyá, ṣé ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni ẹ́síì kì í tutù, àbí ìgbà gbogbo?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ka ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ̀rọ̀.

Ó dé láti Àkúrẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì ní kí n fa àga súnmọ́ tòsí, kí n máa wò ó. Kò mú sípánà. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ó ṣí i, ó yẹ rọ́bà rẹ̀ wò, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ fún afẹ́fẹ́ sínú rédíétọ̀ bí ẹni ń fún táyà. Ìka géèjì ẹ̀rọ náà dúró sí ojú kan, kò sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù níbi tí àléébù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan máa ń gbà jáde. Gbígbẹ ni ibẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ó mú ìgò kan tí omi búlúù wà nínú rẹ̀, ó gbé e lé ẹnu rédíétọ̀, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ tan ọkọ̀, ó sì ń tẹ rọ́bà orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rédíétọ̀ máa gba inú omi búlúù náà kọjá. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí tọ́pù-gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti fọ́, èéfín inú ẹ́ńjìnnì yóò máa wọ inú omi, omi búlúù náà yóò sì di pupa rúsúrúsú bí òróró. A wò ó títí, kò yí padà. Ó yíjú sí ọ̀gá kékeré, ó ní, "Orí ẹ́ńjìnnì yìí dì. Kí lo fẹ́ tú?"

Nígbà náà ni ó so skánà, ẹ̀rọ tí ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí, mọ́ ọkọ̀, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan, ó sì ń ka ìgbóná omi sókè: 90, 94, 97. Fáànù méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọ̀gá kékeré ní, "Bàbá, fáànù ń ṣiṣẹ́, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò." Bàbá kò fèsì. Ó fa ìwé kan ya láti inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, ó lọ sí iwájú ọkọ̀, ó sì fi ìwé náà sí iwájú rédíétọ̀ ní ọwọ́ òsì, níbi tí fáànù kékeré wà. Ìwé náà lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò já bọ́. Ó yọ ọ́, ó gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí fáànù ńlá wà. Ìwé náà gbọ̀n, ó sì fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi. Ojú skánà ti kà 106 nígbà náà. Ó ní kí wọ́n pa ọkọ̀.

Fáànù ńlá ń yí sódì. Nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jáde, wọ́n tú rédíétọ̀ àti fáànù sílẹ̀, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù náà sì fọ́. Rìwáyà wọn, ẹni tí ń ṣe iná ọkọ̀, gé e sọnù, ó fi ọwọ́ so wáyà mọ́ wáyà, ó fi téèpù dúdú wé e, wáyà méjèèjì sì kọjá ara wọn. Fáànù kan ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń tì í jáde, bí ẹni tí ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi tí ẹnìkejì rẹ̀ ń bù ú padà. Bí mo bá ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà máa ń ṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n ní orí òkè Ẹ̀fọ̀n àti ní Ìjìgbò kò sí atẹ́gùn tí yóò ràn án lọ́wọ́. Kóńdẹ́ńsà ẹ́síì, ibi tí gáàsì rẹ̀ ti ń tutù, wà níwájú rédíétọ̀ gan-an, ìdí sì nìyẹn tí ẹ́síì náà fi ń kọṣẹ́ nígbà tí mo bá dúró.

Ó yí wáyà náà padà, ó sì fi ṣọ́kẹ́ẹ̀tì gidi sí i. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé tẹ́mósítáàtì mi wá láti inú agolo. Ó fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi kan lórí gáàsì, ó ti ìwọ̀n ìgbóná bọ omi náà, ó sì pe gbogbo ọmọ iṣẹ́ jọ. 82 ni wọ́n tẹ̀ sí ara irin náà, bí omi sì ti ń dé ibẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹnu. Kò ní àléébù kankan. Ó sọ fún àwọn ọmọ náà pé ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹ́mósítáàtì kì í móoru tó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò máa rò pé òwúrọ̀ ni, yóò sì máa da epo sí i. Ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó sì fi hàn wọ́n pé ihò kékeré ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lápá òkè kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi gbà. Ó da omi ẹ̀rọ nù, ó po kúláǹtì àti omi tí kò ní iyọ̀ ní ìlàjì-ìlàjì, ó gbé imú ọkọ̀ sókè, ó ṣí hítà dé òpin, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè títí ìfóófòó kò fi jáde mọ́. Kò kánjú rárá. Inú mi dùn láti máa wo ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ báyìí.

Láti ìgbà náà mo ti gun òkè Ẹ̀fọ̀n nínú oòrùn ọ̀sán pẹ̀lú ẹ́síì ní títàn, géèjì kò sì yẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé owó tí wọ́n fún mi ní owó àyẹ̀wò nínú. Àṣìṣe rìwáyà wọn ni a ń wá, wọ́n sì ní kí èmi sanwó wíwá rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ fa ìlà sí i nígbà tí mo fi hàn án, ó sì bẹ̀ mí. Ọ̀gá kékeré kò tíì sọ pé "ẹ má bínú" títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò sì sí ẹni tí ó san owó epo tí ó ṣòfò padà fún mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá Bàbá wà nílé. Bí kò bá sí, kí ó dúró dè é.

Máàkì tí mo fún wọn ni 4 nínú 5. Páálí gásíkẹ́ẹ̀tì náà wà ní ọ́fíìsì wọn, wọn kò tíì tú ọ̀rá rẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀ mí kí n gba iṣẹ́ mìíràn dípò rẹ̀. ₦35,000 mi ni mo fẹ́ gbà.