Annales, káàdì tàbí fóònù: èwo ni kí ẹ rà fún ọmọ tó fẹ́ ṣe bákì?

Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí máa ń bi mí: "Tíṣà, kí ni ká rà fún ọmọ yìí?" Àwọn ọmọ Terminale, kíláàsì tó kẹ́yìn ní girama, ni mò ń kọ́ nílé wọn nírọ̀lẹ́. Bákì, ìdánwò ìparí girama, ló ń ṣílẹ̀kùn yunifásítì, 10 nínú 20 sì ni ààlà rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń fara balẹ̀ kí n tó dáhùn.

Annales, ìyẹn ìwé ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Kí owó tó jáde lápò, ẹ wò ó bóyá ti série (ẹ̀ka ẹ̀kọ́) ọmọ yín ni, torí ti C kì í ṣe ti D. Ẹ tún wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìdáhùn wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Èyí tó ti wà ṣáájú ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní APC (approche par compétences) kò jọ ohun tí wọ́n ń ṣe mọ́. Ní ìṣirò báyìí, ìtàn kan ló ń ṣáájú, ìṣòro mẹ́ta á wá tẹ̀lé e. Ti fótókọpì dínwó, ṣùgbọ́n ẹ ṣí i wò lójú mọ́mọ́. Mo ní kí òbí kan ra irú rẹ̀ rí. Àmì ìyọkúrò ti parẹ́ níwájú nọ́ńbà, ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọmọ náà fi rò pé òun ni kò gbọ́n. Ó ṣì ń dùn mí.

Káàdì wá ńkọ́? Àwọn kan ń ta èyí tí wọ́n ti kọ tán. Bristol òfìfo, ìyẹn káàdì páálí líle, ni kí ẹ rà, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn, ohun kan ṣoṣo lórí káàdì kan. Kì í ṣe kó máa kà á lákàtúnkà o. Kó dáhùn kó tó yí i padà. Ní 2006, àwọn olùṣèwádìí méjì, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà. Àwọn kan jókòó kà á nígbà mẹ́rin. Àwọn mìíràn kà á nígbà kan, wọ́n fi ìgbà mẹ́ta tó kù pa ìwé dé, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń kà á ṣáá rántí bíi 40 nínú 100, àwọn yòókù rántí bíi 61.

Páálí bàtà tó ti tán nílò ló máa ń gba káàdì wọ̀nyí. Ẹ pín in sí yàrá mẹ́ta: ti àkọ́kọ́ fún ojoojúmọ́, èkejì fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀kẹta fún ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Káàdì tó bá gbà, á bọ́ sí yàrá tó tẹ̀ lé e; èyí tó bá ṣì, á padà sí yàrá àkọ́kọ́. Oníròyìn kan, Sebastian Leitner, ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ ní nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn. Ó dára fún SVT (ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí àti ilẹ̀), ọjọ́ inú ìtàn, àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nínú philo (ìmọ̀ ọgbọ́n orí). Fún ìṣirò àti PCT (físíìsì, kẹ́mísírì àti tẹkinọ́lọ́jì), fọ́múlà nìkan ni kí ẹ kọ sí i. Ìṣirò fúnra rẹ̀, bíírò àti kayé (ìwé ìkọ̀wé) ló ń fẹ́.

Ti fóònù, áàpù káàdì tí wọ́n ń pè ní Anki ni mo mọ̀ dáadáa. Ọ̀fẹ́ ni lórí Android àti kọ̀ǹpútà. Lórí iPhone, bíi dọ́là 25 ni. Ó ń fúnra rẹ̀ ka ọjọ́ tí káàdì yẹ kó padà wá, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù. Àmọ́ káàdì tí àwọn ará Faransé kọ fún ọmọ tiwọn ló pọ̀ jù níta, ìtàn àti jọ́gíráfì wọn kì í ṣe tiwa. WhatsApp náà sì wà nínú fóònù yẹn. Ọmọ tí kò bá lè pa á tì fún wákàtí kan, bristol ló yẹ ẹ́.

Bí owó kò bá tó, annales kan àti ìdìpọ̀ bristol kan ti tó. Ẹ sọ fún ọmọ kó má kọ ìdáhùn sínú annales, inú kayé ni kó kọ ọ́ sí, kí àbúrò rẹ̀ lè lò ó tẹ̀lé e.