Àwo Márùn-ún Ni Mo Gbé Wálé, Orin Kan Ni Mo Sanwó Fún

Dọ́là 35 ni mo ra àpótí àwo orin kan ní ṣọ́ọ̀bù alókù kan ní Berkeley. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí ohun tó ṣe é. Mo délé, mo ṣí i, mo rí i pé àwo kẹta ti ha láti etí dé àárín, bíi pé ológbò fi èékánná fà á. Mi ò dá a padà. Àwo karùn-ún ni mo torí ẹ̀ rà á, àwo karùn-ún sì ń kọ geere.

So Many Roads (1965–1995) ni orúkọ àpótí yìí. Ọdún 1999 ló jáde, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Jerry Garcia, onígìtá Grateful Dead, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà kan, kú. Àwo márùn-ún ló wà nínú ẹ̀ àti ìwé kan tó kún fún àwòrán. Ọgbọ̀n ọdún orin ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, ojú agbo ni wọ́n sì ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sílẹ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ló kan ọmọ Igbó-Ọrà nínú orin àwọn òyìnbó onírun gígùn. Gángan ló mú mi débẹ̀. Sikiru Adepoju, ọmọ Ẹrúwà tó ti lu gángan fún Ebenezer Obey kó tó wá sí Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó bá Mickey Hart, onílù Grateful Dead, ṣe àwo Planet Drum ní 1991. Àwo yẹn gba Grammy. Ẹrúwà ò jìnnà sí wa, bí ọmọ ibẹ̀ bá gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, a máa gbọ́ nílé. Babatunde Olatunji náà, ọmọ Àjídò lápá Àgbádárìgì, wà nínú àwo yẹn. Mickey Hart yìí kan náà ló pe bàbá ọ̀hún pé kí wọ́n wá ṣeré ṣáájú Grateful Dead ní Oakland, lálẹ́ tó kẹ́yìn ọdún 1985. Nígbà tí mo wá di ẹni tó ń wa tírélà láti Oakland lọ sí Reno, mo ní kí n gbọ́ ẹgbẹ́ táwọn èèyàn wa ń bá ṣeré. Onílù ni mo tẹ̀ lé wọlé, onígìtá ni mo bá ní pálọ̀.

Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún Garcia kò pé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí àáké gé e, níbi tí òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti ń la igi. Ọwọ́ yẹn náà ló fi ń ta gìtá. Bó ṣe ń ta á, kì í kánjú. Á mú ohùn kan, á yí i po, á fi í sílẹ̀ lọ síbòmíì, á tún padà wá bá a bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Àwa tí wọ́n fi Sunny Ade tọ́ dàgbà, orin ogún ìṣẹ́jú kì í bà wá lẹ́rù. Ìyàwó mi ní gbéregbère lásán ni. Mi ò gbà, àmọ́ mi ò lè purọ́, àwọn ibì kan wà nínú àpótí yìí tó máa ń ṣe mí bíi kí n pariwo pé ẹ sọ̀ kalẹ̀, a ti débi tí à ń lọ.

Ohun tó jọ mí lójú jù nípa ẹgbẹ́ yìí ni pé wọ́n jẹ́ káwọn olólùfẹ́ wọn máa gba eré wọn sílẹ̀. Láti 1984 wọ́n tiẹ̀ ya ibì kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú agbo, tìkẹ́ẹ̀tì tiwọn lọ́tọ̀, kí wọ́n lè na igi máìkì wọn sókè. Òfin tó wà níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ máa ṣe pàṣípààrọ̀, ẹ má tà á. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Nílé wa, ẹni tó bá gba live play onífújì sílẹ̀ lóde ìsọmọlórúkọ lóru àná, ilẹ̀ á mọ́, kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ á ti dé gáréèjì, onímọ́tò á sì ti rà á.

Èyí tó lókìkí jù nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì wọn ni ti ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1977, ní Barton Hall ní yunifásítì Cornell. Betty Cantor-Jackson, obìnrin kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ohùn, ló gbà á sílẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ kí wọ́n tó gbé e jáde bí àwo ní 2017. Bó bá jẹ́ pé owó àwo kan ṣoṣo ló wà lápò yín, ìyẹn ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe àpótí tí mò ń sọ yìí. Gìtá yẹn mọ́ bí omi òjò.

Bàbá òyìnbó kan wà ní yáàdì wa tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bàbá náà ni mo máa ń pè wọ́n, wọ́n sì ti mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Àwọn ni wọ́n sọ fún mi pé kí n má fi etí mi ṣòfò lórí ohunkóhun tó bá ti di 1995. Wọ́n ní Garcia ti rẹ̀, pé ó ń gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, pé ọwọ́ ẹ̀ ń wá ohùn tí kò rí. Wọn ò parọ́. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti dá a dùbúlẹ̀ láìmọ ara ẹ̀ ní 1986, tó jẹ́ pé ó tún gìtá kọ́ lẹ́yìn tó jí. Sìgá wà níbẹ̀, heroin náà wà níbẹ̀.

Ìrìn-àjò ìkẹyìn yẹn, láti Vermont ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 1995 dé Chicago ní ọjọ́ 9 oṣù Keje, àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn ń pè é ní ti ọ̀run àpáàdì. Ààrá sán lu àwọn èèyàn tó sá sábẹ́ igi ní Washington. Ní Deer Creek, Indiana, ẹnì kan halẹ̀ pé òun máa pa Garcia. Wọn ò pa iná agbo lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ọlọ́pàá lè máa ríran, ibẹ̀ náà ni àwọn tí kò ní tìkẹ́ẹ̀tì ti wó ọgbà wọlé. Wọ́n fagi lé eré ọjọ́ kejì. Ọjọ́ mélòó kan sí i, ní Missouri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan wó níbùdó tí àwọn olólùfẹ́ pàgọ́ sí, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó fara pa. Irú eré wo lẹ fẹ́ kí bàbá ẹni ọdún 52 ṣe lẹ́yìn gbogbo ìyẹn?

Orin tó kẹ́yìn àwo karùn-ún ni ìdáhùn. Soldier Field ni, ní Chicago, lálẹ́ ọjọ́ 9 yẹn, orúkọ orin náà ni wọ́n sì fi sọ àpótí. Gìtá tí Garcia ń lò tẹ́lẹ̀ dà á láàmú lálẹ́ ọjọ́ náà, ló bá padà gbé Tiger, gìtá àtijọ́ ẹ̀ tó wúwo tó kílò mẹ́fà. Ohùn ẹ̀ ti ya. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rò pé kò ní dé ìparí. Ó wá dé ibi ìparí, ó kọ̀, kò fi í sílẹ̀: gbólóhùn kan náà ló ń tún sọ, tó ń gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, bí àwọn ìyá Sẹ̀lẹ́ nígbà tí ẹ̀mí bá gbé wọn, títí tí ohùn fi já tó sì tún wá a padà. Mo ti gbọ́ ọ ní òkè Donner lójú ọ̀nà Reno nígbà tí yìnyín ń bọ́. Mo ní láti dín eré kù.

Ẹ̀sùn mi rèé. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n mú nínú alẹ́ yẹn. Wọ́n wẹ òkú, wọ́n fín in ní lọ́fínńdà, wọ́n wá ní ká wá wò ó. Nígbà tí wọ́n tún ṣe àpótí àwo 80 ní 2015, tí wọ́n mú eré kan láti inú ọdún kọ̀ọ̀kan, Salt Lake City ti oṣù Kejì ni wọ́n mú fún 1995. Ó yé mi, àwọn náà ń dáàbò bo ọ̀gá wọn. Ṣùgbọ́n orin tí mo ń sọ yìí, àárín àṣìṣe ló ti jáde, àti pé ẹni tí kò bá gbọ́ àṣìṣe tó ṣáájú ẹ̀ kò lè mọ bó ti ga tó. Mo lọ wá gbogbo alẹ́ náà lórí Internet Archive, ọ̀fẹ́ ni, ẹnì kan láàárín èrò ló gbà á sílẹ̀. Ìdajì ẹ̀ kò dùn. Mo gbọ́ ọ tán. Black Muddy River lorin tí Garcia kọ kẹ́yìn, Phil Lesh, onígìtá báàsì wọn, wá fi Box of Rain kádìí ẹ̀.

Bàbá wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní lẹ́yìn orin, wọ́n yin iná aláràbarà sókè, àwọn sì ń kùn nítorí ọkọ̀ tó dí lọ́nà. Oṣù kan géérégé lẹ́yìn ẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, ọkàn Garcia dáṣẹ́ sílẹ̀ nílé ìtọ́jú tó lọ kí oògùn lè fi í sílẹ̀. Ọdún 53.

Bí ẹ bá rí àpótí yìí ní dọ́là 35, ẹ rà á, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò lójú ẹni tó ń tà á. Tó bá ti kọjá 60, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá tó ní kí n má gbọ́ 1995 ti ní kí n yá àwọn ní àwo karùn-ún. Àwo kẹta ni mo gbé fún wọn.