Owó tí mo san fún lọ́yà lórí RFE mi: ibi tó ti tó, ibi tí kò ti tó

Kí n ti ẹnu ọ̀nà sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan á ka ìlà díẹ̀ kí wọ́n tó sáré padà sí lab: ilé-iṣẹ́ lọ́yà tí mo gbé RFE mi (ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ní kí n mú ẹ̀rí sí i wá lórí green card) fún mọ òfin, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rí. Ní ti ká kọ lẹ́tà lórúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún wọn. Lẹ́tà ló jẹ ọ̀kan tó kù. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àwọn lẹ́tà yẹn le díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó di ẹjọ́ míì.

Fún ẹni tí kò tíì bọ́ sínú rẹ̀ rí: NIW (National Interest Waiver) wà lábẹ́ EB-2, ìsọ̀rí green card fún àwọn tó kàwé jìnnà. Òun ni olùwádìí fi ń béèrè green card Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, láìsí agbanisíṣẹ́ tó dúró fún un, láì sì gba PERM kọjá, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ọjà iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ máa ń gbà. I-140 ni fọ́ọ̀mù rẹ̀. Nígbà tí mo fi tèmi ránṣẹ́, $715 ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, pẹ̀lú $300 míì fún àwa tí a ń béèrè fúnra wa. Láti ìparí ọdún 2016 tí ìdájọ́ Matter of Dhanasar ti jáde, ìbéèrè mẹ́ta ni ọ́físà, ìyẹn òṣìṣẹ́ USCIS, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú Amẹ́ríkà, fi ń yẹ ìwé náà wò. Ṣé iṣẹ́ tí o ní o fẹ́ ṣe ní láárí, ṣé ó sì kan Amẹ́ríkà lápapọ̀? Ṣé ìwọ gan-an lo lè ṣe é? Ṣé àǹfààní rẹ̀ tó kí wọ́n yọ̀ǹda ọ̀rọ̀ agbanisíṣẹ́ fún ọ? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè fi RFE ránṣẹ́, pé kí o mú ẹ̀rí sí i wá.

Iṣẹ́ tèmi, aflatoxin ni, oró tí fọ́ńgọ́ọ̀sì Aspergillus flavus máa ń fi sínú ẹ̀pà àti àgbàdo. Ìbàdàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, níbi tí IITA àti ẹ̀ka ìwádìí ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, USDA-ARS, ti jọ gbé Aflasafe jáde. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ rọrùn láti sọ: wọ́n á da irú fọ́ńgọ́ọ̀sì náà tí kò ní oró sóko, kó gba àyè mọ́ oníoró lọ́wọ́. Báyìí, mò ń ṣe postdoc, iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn PhD, ní Georgia, ìpínlẹ̀ tó ń gbin nǹkan bí ìdajì ẹ̀pà gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹ̀pà ṣì ni.

Kí n tó bá àwọn wọ̀nyí ṣe, mo ti kàn sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń polówó pé bí USCIS kò bá fọwọ́ sí ìwé ẹni, àwọn á dá owó padà. Wọ́n ní àwọn kì í fọwọ́ kan RFE lórí ìwé tí kì í ṣe àwọn ló kọ ọ́. Ó yé mi, ta ló fẹ́ ru ẹrù tí ẹlòmíràn dì? Ọmọ ilé wa kan lórí WhatsApp náà ní òun á bá mi ṣe é ní $400. Mo bi í pé ìpínlẹ̀ wo ló ti gba ìwé àṣẹ lọ́yà. Kò fèsì títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ìkànnì ẹgbẹ́ lọ́yà (bar) ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni kéèyàn wo orúkọ lọ́yà níbẹ̀. Àwọn tí mo wá bá ṣe gba $3,500 fún ìdáhùn RFE nìkan, owó ìfìwéránṣẹ́ lọ́tọ̀. Fọ́ọ̀mù G-28 ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n fọwọ́ sí, kí USCIS lè mọ̀ pé àwọn ló dúró fún mi.

Ìpàdé àkọ́kọ́ lórí Zoom ni mo ti rí i pé wọ́n mọṣẹ́. RFE mi gùn, ó sì le létí. Ẹni tó bá kà á lẹ́ẹ̀kan á rò pé kò sóhun kan tí wọ́n gbà nínú gbogbo ohun tóun kọ. Lọ́yà náà, obìnrin àgbàlagbà kan tí ife tíì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣí i sójú kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Gbogbo ibi tí wọ́n ti da òfin kọ, èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí tọmọdé tàgbà, ó fi àwọ̀ eérú kùn ún. Ibi tí ọ́físà ti bá èmi gan-an sọ̀rọ̀, ó fi yẹ́lò kùn ún. Nígbà tó ṣe tán, eérú bo ìwé náà láti òkè délẹ̀, ìpínrọ̀ mẹ́ta péré ló yọ.

Ọ́físà gbà pé iṣẹ́ mi ní láárí. Ó gbà pé mo kàwé débi tó yẹ. Ohun tó ní òun kò rí ni bí iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe ṣe máa kọjá lab wa àti àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ tí à ń bá ṣe. Àwọn lẹ́tà tí mo fi síwájú rẹ̀ ń yin ohun tí mo ti ṣe. Kò sí èyí tó sọ ibi tí ohun tí mo fẹ́ ṣe máa dé. Ẹ̀gbọ́n kan níbi tá a ti ń jọ́sìn ti ní kí n lọ kó lẹ́tà mẹ́wàá sí i wá, kí n fi pọ̀ ju tìgbà àkọ́kọ́. Lọ́yà ní kí n má wá ju méjì lọ. Ọ́físà kò ní ẹ̀rí mi kéré, ó ní ẹ̀rí mi kò dá òun lóhùn. Bí ẹ bá gbọ́ ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìyẹn.

Iṣẹ́ tó gbà mí lákòókò jù ni tábìlì tí wọ́n ní kí n ṣe lórí àwọn tó tọ́ka sí iṣẹ́ mi. Mo ti kọ iye ìtọ́kasí láti Google Scholar sínú ìwé àkọ́kọ́, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Wọ́n ní iye lásán kò sọ nǹkan kan. Kí n ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí n wo ohun tí wọ́n fi iṣẹ́ mi ṣe níbẹ̀. Olùwádìí tó bá ń kà mí mọ ohun tí mò ń wí: ọ̀pọ̀ ìtọ́kasí ni wọ́n kàn to orúkọ ẹni mọ́ mẹ́wàá míì nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, bí ìgbà tí alága ń kí àwọn èèyàn jànkàn níbi àríyá. A yọ gbogbo ìyẹn kúrò. Àwọn tó fi ọ̀nà tí mo fi ń wọn oró ṣiṣẹ́ fúnra wọn la fi sílẹ̀, pàápàá àwọn tí n ò mọ̀ rí, tí a kò jọ kọ̀wé rí. Wọn kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ míì, àwọn tó kọ ọ́ sì ti yí bí wọ́n ṣe ń kó ẹ̀pà fún àyẹ̀wò padà nítorí èsì wa. Ìyẹn ni lọ́yà gbé síwájú gbogbo ẹ̀rí yòókù. Lójú tèmi, òun nìkan kọjá lab wa ju gbogbo ìyìn inú lẹ́tà lọ.

Wọ́n tún gé nǹkan kúrò, inú mi kò sì dùn nígbà yẹn. Mo ti kọ ìpínrọ̀ tó dùn lórí bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Lọ́yà ní kí n lọ ka Dhanasar fúnra mi dé ìparí. Olùwádìí ẹ̀rọ òfuurufú ni ọkùnrin náà, ó ń kọ́ni pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ gba ìwádìí rẹ̀ wọlé; ti ìkọ́ni, wọ́n ní ó dára o, àmọ́ kò sí ẹ̀rí pé ó máa kan ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kọjá àwọn ọmọ tó ń kọ́. Inú ìdájọ́ kan náà tí gbogbo wa ń gbé kiri ni ìyẹn wà! Mo gé ìpínrọ̀ mi.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn náà pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kenya lọ́dún 2004, nígbà tí àgbàdo tó ní aflatoxin pa èèyàn 125. Wọ́n ní ó wúni lórí, ó sì fi hàn pé iṣẹ́ náà ní láárí, ṣùgbọ́n ọ́físà ti gba ìyẹn. Amẹ́ríkà ni ìbéèrè rẹ̀ dá lé. Ohun tó wá síwájú ni òdiwọ̀n FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, 20 ppb (ìdá ogún nínú bílíọ̀nù kan) nínú oúnjẹ èèyàn, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹrù àgbẹ̀ Georgia tí àyẹ̀wò rẹ̀ bá kọjá ibẹ̀. Ibì kan wà tí èmi náà ti kọ̀ fún wọn. Wọ́n fẹ́ ti iṣẹ́ mi sábẹ́ biotechnology nínú àkójọ ìmọ̀ ẹ̀rọ pàtàkì tí ilé ìjọba Amẹ́ríkà tún ṣe ní 2024. Ó wọ̀ ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ nípa oko á rí i pé wọ́n fipá wọ̀ ọ́ fún un ni. A fi gbólóhùn kan síbẹ̀, a kọjá.

Nípa ohun tó dé lẹ́yìn tí mo ti fi I-140 ránṣẹ́: jọ́nà ìwádìí kan gba iṣẹ́ mi tuntun láàárín ìgbà náà, mo sì rò pé òun ló máa gbà mí. Òfin ní ọjọ́ tí o fi ìwé sílẹ̀ lo gbọ́dọ̀ ti yẹ fún un. Ìdájọ́ Matter of Katigbak ti ọdún 1971 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Wọ́n fi iṣẹ́ tuntun náà sẹ́yìn pátápátá, pé kó kàn fi hàn pé ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀ ni mo ṣì ń ṣe. Ẹni tó bá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ yí iṣẹ́ tí ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe padà kó lè dùn létí ọ́físà, ẹ má dá a lóhùn. Matter of Izummi, 1998, ti ti ilẹ̀kùn ìyẹn.

Ó wá ku ti lẹ́tà. Wọ́n ní àwọn á kọ ọ́, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kàn fọwọ́ sí i. Èyí tí wọ́n kọ lórúkọ Prof tó kọ́ mi n'Ílé dé, mo kà á, ojú tì mí. Gbogbo gbólóhùn ló ń pariwo: kò sẹ́ni bíi tèmi láyé, iṣẹ́ mi ti yí sáyẹ́ǹsì padà. Èyí tí wọ́n kọ lórúkọ ọ̀gá kan ní Texas, ìpínrọ̀ kejì rẹ̀ bá ti Prof mu wẹ́kú, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Mo sì fi ránṣẹ́ sí Prof, nítorí àkókò ń lọ. Ó pè mí lórí fóònù.

“Ọmọ mi, ta ló kọ ìwé yìí?”

Mo ní, “Lọ́yà ni o, sà.”

“Ìgbà wo ni mo sọ̀rọ̀ báyìí rí? Èmi tí mo dá thesis rẹ padà títí tí o fẹ́ sunkún, èmi ni mo wá ní kò sírú ẹ? Fi ohun tí ọ́físà náà béèrè ránṣẹ́ sí mi, n ó kọ ọ́ fúnra mi.”

Lẹ́tà tó kọ kò gùn. Ó sọ pé òun ti rí irú àyẹ̀wò tí a ń lò tẹ́lẹ̀, bó ṣe ń pẹ́, àti ìdí tí oko fi máa ń kórè tán kí èsì tó dé. Ó sọ ohun tí ọ̀nà tèmi máa ṣe sí ìyẹn níbikíbi tí wọ́n bá ti ń gbin ẹ̀pà, ó sì tọ́ka sí Georgia àti Texas. Ó tún sọ ibi tó rò pé mo ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Àyà mi já nígbà tí mo rí ìlà yẹn, ṣùgbọ́n lọ́yà ní kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo gbà pé òun ló lágbára jù nínú gbogbo lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ náà kọ nínú rẹ̀. Wọn kò sì dín kọ́bọ̀ nínú owó wọn.

Ní ti àkókò, ọjọ́ 84 ni ó pọ̀ jù tí òfin gbà fún ìdáhùn RFE, wọ́n á fi 3 kún un bó bá jẹ́ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni RFE náà gbà dé. Wọn kì í sún un síwájú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn sì lè dáhùn: ohun tó bá wà nínú àpò yẹn ni wọ́n máa fi ṣèdájọ́, kò sí “mò ń bọ̀ wá fi ìyókù ránṣẹ́”. Àwọn wọ̀nyí fi tèmi falẹ̀ títí ìgbà tó kù díẹ̀, ẹni tó ń ṣètò ìwé níbẹ̀ kì í fèsì ímeèlì lọ́jọ́ Friday. Ṣùgbọ́n àpò tó jáde nígbẹ̀yìn mọ́ tónítóní: ìwé RFE gangan lókè, atọ́ka ẹ̀rí tẹ̀ lé e, gbólóhùn yẹ́lò kọ̀ọ̀kan wá ní ojú ewé tó dá a lóhùn. Ojú ewé àkọ́kọ́ rán ọ́físà létí ìdájọ́ Matter of Chawathe, 2010, pé bó bá ti jọ òtítọ́ ju kó má jọ ọ́ lọ, ó tó.

Wọ́n fọwọ́ sí i. Mi ò san $2,805 tí wọ́n ń gbà nígbà yẹn fún premium, torí ó kàn ń mú ìdáhùn yá ni. I-140 tí wọ́n fọwọ́ sí kì í sì í ṣe green card. Nígbà yẹn, EB-2 ní ìlà nínú Visa Bulletin, ìwé tí ìjọba fi ń kéde ẹni tó kàn lórí ìlà, àwa ọmọ Nàìjíríà sì ń tò lórí ìlà gbogbo ayé yòókù.

Ṣé màá tún bá wọn ṣe? Bó bá jẹ́ RFE bíi tèmi, tó ń bèèrè ibi tí iṣẹ́ ẹni máa dé, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n màá sọ fún wọn lọ́jọ́ kìíní pé wọn kò ní kọ lẹ́tà kankan, kí wọ́n yọ owó rẹ̀ kúrò. Bó bá jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ETA-9089 (fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó máa ń bá I-140 lọ) tàbí àyẹ̀wò dìgírì ló kù, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní $3,500. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, ẹ gbé ìwé RFE sókè rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ lè fi tọpa rẹ̀.