Síídì slam tí ìyá kàǹtà gbọ́ kí n tó gbọ́ ọ

Oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́rin ni síídì slam yìí fi wà lójú ọ̀nà kó tó dé Ìbàdàn. Slam ni ẹ̀yà death metal, orin gìtá líle, tí ìlù ẹ̀ máa ń sáré, tó sì máa ń ṣàdédé wálẹ̀, tó máa falẹ̀, tó máa wúwo. Nígbà tó dé, wọn ò fún mi. N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó gbé e. Dùgbẹ̀ ni ọ́fíìsì wọn wà, ìyẹn náà tó.

Ìyá tó wà ní kàǹtà ti fi abẹ ya páálí mi kí n tó débẹ̀. Abẹ ọ̀hún sì ti kọlà fún ike síídì náà, àbàjà mẹ́ta gbalaja. Ó gbé e sókè, ó ń wo àwòrán iwájú ẹ̀: agbárí, ìfun, ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ, àti orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ bí ẹ̀ka igi jíjóná, tẹ́nikẹ́ni ò lè kà.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Òkè-Àdó ni mí, mà."

"Ṣé bàbá ẹ mọ̀ pé o ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn?"

Mo ní orin ni, mà. Ó ní irọ́ ni, òun máa gbọ́ ọ kóun tó yọ̀ǹda ẹ̀. Ó pe ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo fowó mi rà nìyẹn o: nínú sípíkà tí kò ju páálí ìṣáná lọ, láàárín èèyàn mẹ́jọ tó wá gbẹrù.

Ìlù sáré wọlé, ohùn olórin ń hó látìsàlẹ̀ ikùn. Ìyá fọwọ́ bojú.

"Yéè! Olóòlù rèé! Ṣé obìnrin lè wo eléyìí ṣá?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. N ò lè jiyàn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn eégún rí, kò ní bi mí bí ohùn slam ṣe ń rí.

Ìgbà náà ni orin ọ̀hún wálẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin Suffocation ti ń dẹ ìlù wálẹ̀ báyìí ní New York láti 1991, ẹran inú ọbẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe. Ẹgbẹ́ Devourment ti Dallas ló fi ṣe òkèlè. Gìtá ń wọ́lẹ̀ gbẹ̀ẹ́rẹ́, ọmọ tó ń fi ọ̀kadà gbẹrù ń mirí tòun ti àṣíborí. Ìyá yọ ọwọ́ lójú.

"Ibi tó ti ń rìn bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì yẹn, tún un gbé wá."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún un gbé. Lẹ́yìn náà ló gba ₦4,500 lọ́wọ́ mi, kò sí rìsíìtì. Owó àyẹ̀wò ni, ó ní. Èwo ni àyẹ̀wò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jó sí i!

Mo délé, iná ò sí, mo tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹ̀. Ohun tó dùn ní Dùgbẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Mo mọ̀ pé àwa olólùfẹ́ slam fẹ́ràn ìlù snare tó ń dún bí irin, ṣùgbọ́n èyí ti di agolo mílíìkì. Báàsì ńkọ́? Ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú 19 ni gbogbo ẹ̀, mẹ́ta nínú ẹ̀ sì jẹ́ igbe inú fíìmù tí wọ́n gé mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin. Látorí ìkẹrin dé ìkẹfà, ìwálẹ̀ kan náà ni wọ́n ń lọ̀ lálọ̀túnlọ̀.

Orin kẹta nìkan ni mo bẹ̀ yín sí. Ó wálẹ̀, ẹ rò pé ó ti kanlẹ̀, ó tún wálẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ Àìkú.

Máàkì: 4 nínú 10. Ọlọ́kadà yẹn ti ní kí n fi orin kẹta ránṣẹ́ sóun.