Bọ́ọ̀sì CNG àbí kẹ̀kẹ́ oníná: èwo ló yẹ Kàbbà?

Ẹ̀yin ará Ọ̀kun, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lánàá mo dúró sí gáréèjì, mo fi hánkáṣíìfù nu imú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rò ó pé ká ní owó fẹ́dírà wọlé fún wa, bí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń fún àwọn ìlú wọn lówó láti 1991 kí wọ́n fi dín èéfín ọkọ̀ kù, kí la máa fi rà?

CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà kí mọ́tò máa lò ó dípò epo, ò kí ń rú èéfín dúdú bíi dísẹ́ẹ̀lì, ìjọba wa náà sì ti ń tì í lẹ́yìn láti 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo. Àmọ́ níbo la ti máa rọ ọ́? Bọ́ọ̀sì tó bá ní láti sáré dé Lọ́kọ́ja kó tó yó, ṣé ìyẹn náà ń fowó pamọ́ ni? Tí wọ́n bá tún wá fi sílíńdà dí búùtù, ibo ni màmá oníṣu máa kó ẹrù sí lọ́jọ́ ọjà?

Kẹ̀kẹ́ oníná, ìyẹn kẹ̀kẹ́ NAPEP tó ń lo bátìrì, ní tiẹ̀ ò léèéfín lójú títì, kò pariwo, ìrìn inú ìlú ò sì jìnnà. Wàhálà ẹ̀ ni NEPA, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, tí bátìrì bá wá kú, owó ńlá ni. Àfi tí wọ́n bá fi sólà sí i.

Èmi ò, kẹ̀kẹ́ oníná pẹ̀lú sólà ni màá mú fún ìgboro, kí CNG máa ná Lọ́kọ́ja. Ti eruku ojú títì wa tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó yẹn, kò sí mọ́tò tó lè wò ó sàn.